Ohùn Tó Ń Tẹ̀lé Modinat

"Ta ni mo bí? Mo ní ta ni mo bí, Modinat? Ṣé ọmọ ni mo bí ni, àbí agogo ilé ọtí?"

Alhaji Súbérù na fóònù síwájú bí ẹni tó ń fi òkú ejò han ará ilé. Nínú fóònù náà, obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú fi ọwọ́ méjèèjì di máìkì mú, ó di ojú, ó ya ẹnu, orin ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹgbẹ́ ọmọ Ṣakí ní Ouagadougou yìí ló fi fídíò yìí ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wa. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń ta ṣéènì alùpùpù fún oníbàárà, ni mo bá rí i tí àwọn èèyàn ń fi imú rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Alhaji, barka o, ọmọ yín ti di gbajúmọ̀.' Barka! Wọ́n fi àbùkù kàn mí, wọ́n tún ní kí n kú oríire!"

"Bàbá, ẹ rọra. Àwọn ará ilé kejì ń gbọ́."

"Èmi ni kí n rọra? Ìwọ tí o fi sípíkà gbé tìrẹ yí gbogbo àdúgbò Patte d'Oie ká?"

Ẹnu Alhaji mú bí abẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ló jogún ẹnu náà, òun ló sì dúró níwájú rẹ̀ yìí. "Mi ò jalè, mi ò gba ọkọ ọlọ́kọ. Orin ni mo kọ. Ohùn tí Ọlọ́run fi sí mi lọ́fun ni mo lò."

"Ohùn yẹn ló pa ìyá ẹ!"

Láti ìgbà tí Ọlárónkẹ́ ti kú, tí Modinat ṣì wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ìyá náà nínú ilé tí wọ́n ń gbé ní àdúgbò Tanghin yìí. Rédíò ilé náà, ìròyìn nìkan ló ń sọ. Bí ìpolówó ọjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, Alhaji á dìde, á pa á.

"Mo kìlọ̀ fún un," Alhaji ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọyẹ́ ń jà, eruku pupa bo gbogbo ìlú, àyà sì ń dùn ún. Mo ní má lọ. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ló ń kó ọmọ jáde, òun á kọrin fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ni mo gbé lọ sin."

"Bàbá..."

"Dákẹ́! Abdulmuiz tí o ní o fẹ́ fẹ́ yẹn, tó ń fi wáyà kọ́rùn kiri bí ẹni tó fẹ́ pokùnso, ṣé òun kọ́ ló ń to ẹ̀rọ fún ẹ níbẹ̀? Kò sí yìgì. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń mí, n ò ní fa ọmọ lé ẹni tó ń mú un lọ síbi tí ìyá rẹ̀ gbà kú."

Fídíò náà ṣì ń lọ, nítorí Alhaji kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Obìnrin inú fóònù gun òkè orin, ó dé ibi tí ohùn ti máa ń fẹ́ já. Níbẹ̀ ni Alhaji fa fóònù náà mọ́ra. Ó fi àtàǹpàkò bo fóònù náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń dí ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Modinat rí ojú bàbá rẹ̀. Ìtìjú kọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ni. Kò yé e nígbà náà. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó sì jáde.

*

Orí wáyà ni òun àti Abdulmuiz ti pàdé, ní ọdún tó ṣáájú.

Raymond ló ni ilé ìgbafẹ́ náà ní Patte d'Oie, ọmọ ẹ̀yà Mossi tó ti fi jìtá jẹun láti ìgbà èwe, tí irun rẹ̀ ti funfun, tí ìka rẹ̀ kò tíì gbó. Òun ló rí Modinat nígbà tó ń ránṣọ ní ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tó ń kùn bí oyin lórí ẹ̀rọ. Ó ní, "Ọmọbìnrin, kí lò ń kọ yẹn?" Modinat ní òun ò mọ̀. Raymond ní, "Èmi mọ̀ ọ́n. Búlúùsì ni, orin arò àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà."

Ó wá kọ́ ọ. "Kò le," ni ó wí ní èdè Faransé rẹ̀ tó kún fún èéfín sìgá. "O sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. O tún un sọ, torí pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Lẹ́yìn náà, o dá ara rẹ lóhùn, torí pé ẹnikẹ́ni ò ní dá ọ lóhùn."

Modinat rẹ́rìn-ín. "Ẹkún ìyàwó nìyẹn, Bàbá Raymond. Bí ìyá mi ṣe ṣe é nìyẹn, nígbà kan ṣoṣo tó kọrin lójú mi. Ní ìlú wa, bí ọmọbìnrin bá fẹ́ lọ ilé ọkọ, á fi orin sunkún kí àwọn òbí rẹ̀ láti ilé dé ilé."

"D'accord, ó dáa," Raymond ní. "Ìyá rẹ ti kọ́ ọ tán nìyẹn. Èmi kàn fẹ́ fi jìtá sí i."

Bí ó ṣe di olórin nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sẹ́yìn, ó ń gberin fún àwọn mìíràn. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń bi Raymond pé ta ni ẹni ẹ̀yìn yẹn. Ni ó bá bọ́ síwájú. Ó ń kọ búlúùsì, ó ń kọ sóòlù, ní Yorùbá, ní Faransé, ní Mooré, èdè àwọn Mossi, tí ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀. Àwọn olówó tó ń gbé Zone du Bois bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá jókòó sórí àga oníke nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò sọ fún Raymond. Nígbàkígbà tó bá dé òkè orin, ó máa ń gbọ́ ohùn mìíràn lẹ́yìn èjìká òsì rẹ̀, ohùn obìnrin tó rẹlẹ̀ tó sì ti gbó, tó ń bá a lọ ní ẹsẹ̀ kan náà. Ó ti bojú wẹ̀yìn títí, ọrùn ti ń dùn ún. Kò sí ẹnì kankan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n ń fi orin dánra wò, tí wọ́n pe ọkùnrin kan láti wá tún ẹ̀rọ ohùn ṣe, ọkùnrin náà yọ orí jáde lábẹ́ tábìlì, òwú aláǹtakùn wà lórí fìlà rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ẹnì kejì yín dákẹ́ ná, kí n kọ́kọ́ gbọ́ tiyín."

"Ẹnì kejì wo? Ṣé mo sì jọ àǹtí yín?"

"Ẹ má bínú, ẹ jọ ìyàwó mi, mo kàn fi ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni." Ọmọ Ìwó ni, Abdulmuiz, kò tíì lo ọdún méjì ní Ouaga, ẹnu rẹ̀ ò sì lẹ́kọ. Ó tún da etí sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Rárá, mo ń sọ òótọ́. Mo ti pa máìkì gbogbo àwọn yòókù. Tiyín nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ohùn méjì ni mò ń gbọ́. Ọ̀kan wà lókè. Ọ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀ bí òjìji."

Gbogbo irun ara Modinat dìde. Ó sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí Raymond má baà gbọ́. "O ń gbọ́ ọ?"

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Ketekete?"

"Bí mo ṣe ń gbọ́ ẹ yìí."

Ó jókòó sórí àpótí sípíkà, ó bú sẹ́kún. Àwọn kan ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ wọn, àwọn kan ń fi ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Òkú ni àwọn méjì yìí fi bẹ̀rẹ̀.

*

Lẹ́yìn náà, orí alùpùpù Abdulmuiz di ilé fún un. Wọ́n á gun un lọ sí etí adágún Tanghin ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí àwọn olóko ti ń bomi rin sàláàdì àti àlùbọ́sà, wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ ẹran sísun inú bébà.

"Abdulmuiz, mo fẹ́ bi ẹ́ ní ìbéèrè kan. Má parọ́."

"Èmi? Èmi tí mo ti Ìwó wá, ìlú àwọn olóòótọ́?"

"Èwo nínú wa lo fẹ́? Èmi, àbí ẹni tó wà lẹ́yìn mi?"

Ó rọra wò ó. "Èyí tó ń jẹ ẹran mi ni mo fẹ́. Èkejì kò tíì ná mi ní kọ́bọ̀."

Modinat fi bébà ọ̀rá jù ú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí pé èmi nìkan kọ́ ni mo ń gbọ́ ohùn náà mọ́ ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ẹlẹ́rìí ni mò ń wá, tí mo pè é ní ọkọ?

Abdulmuiz na ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún jáde, ọwọ́ tí iná ti jó ní ojú mẹ́ta. "Wo ọwọ́ yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó tan ohùn, kó sì pa ohùn. Ti ẹ, kò ní pa á láéláé. Mo fi bàbá mi tó wà nílẹ̀ búra."

"Má fi òkú búra, wọ́n ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́ ni mo ṣe sọ ọ́."

*

Ọ̀dọ̀ Màmá Halimatou ni Modinat gbé báàgì rẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ bú u. Mossi ni bàbá Halimatou, ọmọ Ìlọrin ni ìyá rẹ̀, òun sì ni ọ̀rẹ́ tí Ọlárónkẹ́ tìtorí rẹ̀ jáde nínú ọyẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń kó jáde. Gbogbo ọdún tó ti kọjá, ó ń wo Modinat bí ẹni tó jẹ ọmọ náà ní gbèsè.

"Màmá, ẹ bá mi ṣe alárenà. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Bàbá ẹ yẹn? Òkúta Ṣakí! Àwọn tó fi ṣe orí rẹ̀ kò lo amọ̀." Ṣùgbọ́n ó ti ń wá ìborùn rẹ̀.

Ó lọ, Alhaji kò fún un ní ìjókòó. Ó tún lọ, Alhaji ní òun fẹ́ kírun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìrun àárọ̀ ti kọjá, ti ọ̀sán kò tíì tó. Ní ìgbà tó lọ tẹ̀lé e, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fún un ní àga.

"Alhaji, ọmọ yìí ń dàgbà. Ọkùnrin náà ń kírun, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí lẹ tún ń wá?"

"Kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ohun tí mò ń wá nìyẹn."

"Orin kọ́ ló pa Rónkẹ́."

"Halimatou!"

"Ẹ lè lé mi, màá sọ ọ́ tán. Ọdún mẹ́wàá tí kò fi kọrin ló pa á. Ọjọ́ tó kọrin ní ìkómọ mi, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tó wà láàyè."

Alhaji gbé ojú sí ògiri. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé. "Kò lọ, Halimatou. Ẹ̀yin rò pé mo sin ín. Tí ọmọbìnrin yẹn bá ti ya ẹnu, inú ẹnu rẹ̀ ni ó ti máa ń pè mí."

Halimatou kò sọ gbólóhùn yìí fún Modinat nígbà tó délé. Ó ní, "Bàbá ẹ ń ronú." Ó mu omi, ó wọ yàrá lọ.

*

Láàárín ìgbà náà ni òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Zone du Bois pe Modinat láti wá kọrin. Ọkùnrin kan wá láti Abidjan tó fẹ́ gbọ́ ọ, tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á mú un rìnrìn àjò orin, á sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Modinat wọ aṣọ pupa tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Abdulmuiz ló wà nídìí ẹ̀rọ.

Ó kọrin Raymond, ó kọrin àwọn òyìnbó. Nígbà tó fẹ́ parí, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó fi ẹkún ìyàwó ìyá rẹ̀ sínú búlúùsì, ìwọ̀nba tó rántí nínú ohun tó gbọ́ ní ìkómọ yẹn:

*Ìyá mi, mo ń lọ, má tilẹ̀kùn lẹ́yìn mi,
Ìyá mi, mo ní mò ń lọ, má tilẹ̀kùn lẹ́yìn mi,
Ẹni tó jáde lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà nínú ilé.*

Àwọn èèyàn dìde fún un. Ọkùnrin Abidjan ń pàtẹ́wọ́, ó ní lẹ́yìn ọyẹ́ ni wọ́n máa gbéra. Modinat sáré wá ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kó bá a yọ̀. Ó bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, òógùn bò ó.

"Kí ló ṣe ẹ́?"

"Wo ibí." Ó nawọ́ sí àwọn iná kéékèèké tó tò sójú ẹ̀rọ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún máìkì kọ̀ọ̀kan. "Inú ihò àkọ́kọ́ ni wáyà tìẹ wà. Kò sí wáyà nínú ìkejì. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, Modi. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ orin yẹn, iná ìkejì tàn. Ó ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú. Bí ẹni tó ń mí."

"Ìyá mi ni."

"Mo mọ̀ pé ìyá ẹ ni!" Ó nu ojú rẹ̀. "Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ó dùn ni. Ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ sí i. Modi, tí a bá fẹ́ra tán, ṣé ó máa wọlé pẹ̀lú wa? Ṣé ẹni mẹ́ta la máa jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì?"

Modinat rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

*

Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí Halimatou fi sáré wọlé, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́. "Ó ti gbà! Modi, bàbá ẹ ti gbà! Ó ní kí wọ́n so yìgì kí oṣù tó wọ̀."

"Gbà báwo? Lásán?"

"Ó ní kí n mú ọkọ ẹ wá. Mo mú un lọ. Ó ní kí n bọ́ síta, òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ti gbà á mọ́ra. Kí lo tún ń fẹ́, ìwọ olójú kòkòrò?"

Alárenà tí wọ́n tì síta, ó yẹ kó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ti dí i lójú.

Modinat bi Abdulmuiz ní etí adágún. "Kí lẹ jọ sọ?"

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin."

"Ó mọ̀ nípa Abidjan?"

"Abidjan ò sá lọ." Kò wo ojú rẹ̀. Ó ń wo ẹni tó ń bomi rin àlùbọ́sà. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣègbéyàwó ná. Gbogbo nǹkan ló ní ìgbà."

Ó fẹ́ tún un bi. Ìfẹ́ dì í lẹ́nu mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó dákẹ́ nítorí ọkùnrin náà, ó sì yà á lẹ́nu bí ó ṣe rọrùn tó.

*

Àárọ̀ ọjọ́ yìgì, wọ́n ta tapólì sí àgbàlá ilé Tanghin, wọ́n tẹ́ ẹní. Abdulmuiz kò gbà kí ẹlòmíràn to ẹ̀rọ. Ó wọ agbádá funfun, ó tún ń fa wáyà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ ìyàwó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ara rẹ̀. Ó ní, "Èmi? Kí ẹlòmíràn wá ba ohùn ọjọ́ mi jẹ́?" Ó gbé ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí òun máa jókòó sí, ó so sípíkà mọ́ igi méjì tó wà nínú àgbàlá.

Ìyàwó kì í jáde síbi tí wọ́n ti ń so yìgì. Inú yàrá ni Modinat wà pẹ̀lú àwọn obìnrin, láálì pupa lọ́wọ́, ìbòjú tẹ́ẹ́rẹ́ lórí. Halimatou jókòó tì í, ó ń tún ìbòjú náà ṣe láìnídìí.

"Gbọ́. Àwọn àgbà méjì máa wá sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n máa bi ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta bóyá o gbà. Má sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́ wúńdíá ni gbígbà rẹ̀. Tó o bá ti dákẹ́, o ti di ìyàwó."

"Ṣé bí ìyá mi ṣe ṣe nìyẹn?"

Ọwọ́ Halimatou dúró lórí ìbòjú. "Ìyá ẹ... Ó sọ fún mi nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti sọ fún òun láàárọ̀ pé orin parí. Ó ní ẹkún ló dí òun lọ́fun. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mẹta, ẹkún kò jẹ́ kó fọhùn. Wọ́n ní, 'Ó ti dákẹ́, ó ti gbà.'"

Kí Modinat tó lè sọ nǹkan kan, sípíkà ìta ké. Àfáà Nàfíù ti gba máìkì. Ó kéwú, ó ṣàdúà, ó dárúkọ sàdáàkì. Gbogbo rẹ̀ mọ́ gara, ohùn kankan kò ha, nítorí ẹni tó to ẹ̀rọ náà mọ iṣẹ́.

"Àdéhùn kan kù," Àfáà ní. "Bàbá ìyàwó ní kí n sọ ọ́ ní etí gbogbo yín kó má baà di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Àdéhùn náà ni pé láti òní lọ, ọmọ òun, Modinat, kò gbọdọ̀ kọrin mọ́, ìbáà ṣe níta, ìbáà ṣe nínú yàrá ọkọ rẹ̀. Abdulmuiz, ṣé bí ẹ ṣe jọ sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O gbà bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbà bẹ́ẹ̀."

Ohùn rẹ̀ wọ yàrá bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Ohùn tó ti sọ pé *mò ń gbọ́ ọ*.

Halimatou di orí mú. "Wọ́n tì mí síta! Wọ́n tì mí síta, mo sì ń jó!"

Àwọn àgbà méjèèjì ti dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá Nuru, ọ̀rẹ́ Alhaji láti Ṣakí, ló ṣáájú, máìkì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ ìyàwó ló ní kí wọ́n gbé e dání, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ìdákẹ́ náà dáadáa.

"Modinat ọmọ Súbérù, a fẹ́ fi ọ́ fún Abdulmuiz. Ṣé o gbà?" Ó na máìkì sí i.

Ó dákẹ́. Sípíkà gbé ìdákẹ́ náà jáde, àgbàlá kún fún un.

"Ṣé o gbà?"

Ó dákẹ́. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Bí ó bá ké sí i nísinsìnyí, àyà rẹ̀ á ṣì fò. Halimatou ń fún un lọ́wọ́, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Dákẹ́ ná, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ ó tún un sọ nínú ilé. Ìfẹ́ á tún un ṣe." Ó sì mọ̀ pé bí ẹnì kan ṣe di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú nìyẹn, ní yàrá kan ní Ṣakí.

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rè é, ọmọ mi. Ṣé o gbà?"

Ó gba máìkì lọ́wọ́ Bàbá Nuru.

*Ìyá mi, mo ń lọ, má tilẹ̀kùn lẹ́yìn mi...*

Lẹ́yìn èjìká òsì rẹ̀, ohùn kejì dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn obìnrin inú yàrá ń wo ara wọn. Ohùn náà gba ara sípíkà, ó gba orí àgbàlá, ó kọjá sí etí adágún. Láti ojú fèrèsé, Modinat rí tẹ̀sùbáà tó dúró lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó rí ètè bàbá rẹ̀ tó ń sọ orúkọ kan, léraléra, láìní ohùn. Ó rí Abdulmuiz lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ lórí àwọn iná kéékèèké náà, òógùn ń bọ́ sí agbádá funfun.

Abdulmuiz gbé ojú sókè. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

*Ìyá mi, mo ní mò ń lọ...*

Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tí iná ti jó ní ojú mẹ́ta. Ó pa á.

Sípíkà kú. Orin gé sí Modinat lẹ́nu. Gbogbo ojú kọ sí sípíkà tó dákẹ́ lórí igi.

Bàbá Nuru tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó kọjú síta, ó gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́. "Ó ti dákẹ́."

"Alhamdulillahi," Àfáà Nàfíù ní. "Ẹ̀yin ènìyàn, ìyàwó ti dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ ni..."

Modinat gbé máìkì kalẹ̀ sórí ẹní. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Halimatou. Ó ká ìbòjú sẹ́yìn, ó kọjá láàárín àwọn àgbà méjèèjì, ó bọ́ sínú oòrùn, síbi tí ìyàwó kankan kì í dé. Kò sí máìkì. Kò sí wáyà. Ó rìn títí ó fi dúró láàárín bàbá rẹ̀ àti ọkùnrin tó fẹ́ràn. Lójú ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa, iná ìkejì ń tàn, ó ń kú.

Ó ya ẹnu. Ohùn méjì ló jáde.

"A ò gbà."